Ìrírí mi: bí mo ṣe yan ètò kọ̀ǹpútà tó ń to fọ́tò ẹbí wa

Nínú ẹbí wa, èmi ni wọ́n máa ń pè bí ẹnì kan bá kú. Kì í ṣe pé mo mọ ètò ìsìnkú ṣe o. Fọ́tò ni wọ́n ń wá. Kí wọ́n tó dá ọjọ́ rárá, ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìn ti ń béèrè fọ́tò, ẹni tó ń ṣe pátákó tí wọ́n máa gbé kọ́ sẹ́nu géètì ti ń béèrè èyí tí ojú mọ́ kedere, ọmọ tó wà ní Kánádà náà ti ń béèrè èyí tí òun àti olóògbé jọ yà. Ìgbéyàwó kì í yọ mí sílẹ̀, ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún kì í yọ mí sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá fọ́tò Màmá tí wọ́n wọ sányán yẹn." Sányán wo? Òde ta ni? Ta ló yà á? Olúwarẹ̀ kò mọ̀. Ó ṣáà mọ̀ pé òun rí i rí.

Omíyalé ló sọ mí di olùtọ́jú fọ́tò. Àwa ará Ìbàdàn mọ omíyalé dáadáa. Ti Ògùnpa, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, làwọn àgbà ṣì fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ. Ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni èmi fojú ara mi rí. Nílé àwọn ìbátan wa kan tó wà létí odò, omi wọ yàrá débi tí wọ́n kó àwọn álíbọ́ọ̀mù sí. Bí fọ́tò onípépà bá rin, tó sì gbẹ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù, ojú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó bò ó. Bí ẹ bá ní kí ẹ ṣí i, ọ̀rá náà á ká ojú èèyàn lọ, ẹ̀yìn funfun á sì kù sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba álíbọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹbí káàkiri, láti Mọ́níyà títí dé Mọ̀lété, tí mo ń fi ẹ̀rọ skánà kó wọn sínú kọ̀ǹpútà ilé.

Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà fi kún. Ti skánà wà níbẹ̀. Ti kámẹ́rà kékeré tí gbogbo èèyàn ń gbé lọ sóde kí fóònù tó dáa wà níbẹ̀. CD tí àwọn fótógíráfà máa ń kó ìgbéyàwó sí wà níbẹ̀. WhatsApp wá bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń wá fọ́tò kan á jókòó sídìí rẹ̀ títí iná á fi lọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé fódà nìkan kò tó mọ́, àfi kí n wá ètò tí yóò máa bá mi tò ó.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní tirẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìwó Road ní Lightroom ti ilé iṣẹ́ Adobe ni kí n lò, pé òun ni àwọn fótógíráfà ńlá ń lò. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì ní Google Photos, tó ń tọ́jú fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti parí ọ̀rọ̀. Àbúrò mi obìnrin, tí kì í fẹ́ wàhálà, ní kí n kàn kọ ọdún sára fódà kí n sì sinmi. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kọ́kọ́ bi mí pé kí ni àwọn èèyàn mi máa ń wá.

Mo sì rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ètò fọ́tò ló jẹ́ pé bí ẹ bá ṣí i, ọjọ́ sí ọjọ́ ni yóò to fọ́tò síwájú yín, ti òní lókè, ti àná nísàlẹ̀. Ó dáa fún ẹni tó ń ya ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní tiwa, kò tíì sẹ́ni tó pè mí pé kí n bá òun wá fọ́tò oṣù kẹrin. Èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Lẹ́yìn èèyàn, òde tí wọ́n lọ. Lẹ́yìn òde, aṣọ tí wọ́n wọ̀. Ọjọ́ ló máa ń kẹ́yìn, ó sì lè má wáyé rárá. Nítorí náà, ètò tí kò bá jẹ́ kí n kọ orúkọ èèyàn sára fọ́tò, kí n sì fi orúkọ yẹn wá a, kì í ṣe tèmi, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ohun kejì ni ibi tí orúkọ tí mo bá kọ yóò wà. Àwọn bàbá wa máa ń fi báírò kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn fọ́tò: "Èmi àti Sùnmọ́nù, ọjọ́ ìwúyè rẹ̀." Ibi yòówù tí fọ́tò náà bá lọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá a lọ. Fọ́tò orí kọ̀ǹpútà náà ní ẹ̀yìn tirẹ̀. Inú fáìlì JPEG, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ fọ́tò jẹ́, àyè wà tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń kọ ọjọ́, wákàtí àti irú kámẹ́rà sí; EXIF ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àyè mìíràn wà tí àwọn oníṣẹ́ ìròyìn dá sílẹ̀ kí àlàyé àti orúkọ ẹni tó ya fọ́tò lè máa bá a rìn, IPTC nìyẹn. Èyí tí Adobe gbé jáde ní 2001 ni XMP, òun ló sì gba nǹkan jù nínú wọn: orúkọ èèyàn, orúkọ ibi, àmì oríṣiríṣi, kódà apá ibi tí ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú àwòrán. Ètò kan wà tó máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá sọ fún un sí ẹ̀yìn fọ́tò yẹn. Òmíràn wà tó jẹ́ ìwé tirẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sí, yóò sì tọ́jú ìwé náà sí ibi tí òun nìkan ti lè kà á.

Ìyàtọ̀ yìí kì í hàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí ètò náà bá kásẹ̀ nílẹ̀ ló ń hàn, wọ́n sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ dáadáa. Picasa, tí ọ̀pọ̀ wa lò nílé àti níbi iṣẹ́ torí pé ọ̀fẹ́ ni, Google rà á ní 2004, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2016. Windows Live Photo Gallery ti Microsoft parí ní oṣù kìíní 2017. Aperture ti Apple, tí àwọn tó ń lo Mac fẹ́ràn, kúrò lọ́jà ní 2015. Ẹ wo orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ yẹn. Kò sí èyí tó wó nínú wọn. Wọ́n kàn gbé ojú síbòmíràn ni. Bó bá jẹ́ pé àwọn ńlá yìí lè ṣe bẹ́ẹ̀, ti kékeré ńkọ́? Nítorí náà, ohun tí mo máa ń bi ètò kọ̀ǹpútà kí n tó gbà á sílé ni pé: lọ́jọ́ tí mo bá fi ọ́ sílẹ̀, kí ni màá rí kó jáde?

Kì í ṣe ẹnu ni mo fi ń bi í. Mo dá fódà kékeré kan sílẹ̀ fún ìdánwò, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kó ìjọ̀ngbọ̀n sí i: fọ́tò kámẹ́rà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, fọ́tò tí mo fi skánà yà láti inú álíbọ́ọ̀mù, fọ́tò tó gba orí WhatsApp kọjá, fọ́tò iPhone tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ HEIC, fọ́tò àwọn ìbejì, fọ́tò tí orúkọ fáìlì rẹ̀ ní àmì ohùn lórí. Ètò tí mo bá fẹ́ dán wò, màá fún un ní ẹ̀dà fódà yìí, màá kọ orúkọ èèyàn sí i, màá kọ àlàyé, màá tún ọjọ́ díẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà màá kó fódà náà sórí fláṣì, ó di Bódìjà, sórí láptọ́ọ̀pù àbúrò mi, tó ní ètò mìíràn. Ohun tí mo bá rí níbẹ̀ ni tèmi. Ohun tí n kò bá rí, ètò ló ni ín. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ yan ètò, ìdánwò yìí kì í gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, ó sì sàn ju kí ẹ ka ìyìn tí àwọn olóhun fi ń yin ohun wọn.

IrfanView, tí Irfan Škiljan ti ń ṣe láti 1996, yára bí nǹkan míì, mo ṣì ń fi wo fọ́tò títí dòní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wíwò ni iṣẹ́ rẹ̀. XnView MP sàn ju ìyẹn lọ fún títò, ọ̀fẹ́ sì ni fún lílò inú ilé. Bí kì í bá ṣe ti ọ̀rọ̀ ojú èèyàn tí mo máa sọ níwájú, òun ni mi ò bá dúró lé. Lightroom ti Adobe lágbára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀, inú káálọ́ọ̀gì tirẹ̀, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ló kọ́kọ́ ń gbé. Àfi tí ẹ bá pàṣẹ fún un ni yóò kọ ọ́ sára fọ́tò. Àṣẹ náà kò ṣòroó pa. Owó ló lé mi. Lightroom 6 ni èyí tí èèyàn lè rà tán pátápátá gbẹ̀yìn, ìyẹn sì ti parí láti 2017. Sísan owó lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún ló kù, tí ẹ bá sì ń gba owó oṣù ní náírà, ẹ kò ní fẹ́ kí ohun tó di fọ́tò ìyá yín mú máa wo ojú dọ́là kó tó ṣí dáadáa.

Google Photos ni ó sún mọ́ ohun tí mo ń wá jù ní ti wíwá. Ẹ kọ "gele" sí i, yóò gbé gèlè wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2021, àyè ọ̀fẹ́ tí kò lópin ti dópin. Gígábáìtì 15 ni ẹ ní, lẹ́tà Gmail yín náà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, dátà tí màá fi ti ẹrù ẹbí odindi gòkè lọ sókè ọ̀hún tó ra ewúrẹ́. Nígbà tí mo sì dán ìjáde rẹ̀ wò, fọ́tò wá pẹ̀lú ọjọ́ tí kámẹ́rà kọ, ṣùgbọ́n àlàyé tí mo fọwọ́ ara mi kọ wá nínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní JSON, tí ó tẹ̀ lé fọ́tò náà lẹ́yìn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè so wọ́n pọ̀ padà. Àbúrò mi kò mọ̀ ọ́n lò.

Èyí tí mo wá fi jókòó ni digiKam. Láti 2001 ni àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti ń ṣe é lábẹ́ KDE, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Fódà yín gan-an ló ń lò ní álíbọ́ọ̀mù: ohun tí ẹ bá rí nínú rẹ̀ náà ni ẹ máa rí nínú háàdì dísìkì. Níbi Settings rẹ̀, ẹ lọ síbi Metadata (ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò), kí ẹ ní kó máa kọ orúkọ, àlàyé, ọjọ́ àti ojú èèyàn sára fọ́tò. Ẹ ṣe é kí ẹ tó kọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan. Lẹ́yìn tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tí mo kọ nílé bá mi dé Bódìjà.

N kò ní yìn ín kọjá bó ṣe yẹ. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, bọ́tìnnì pọ̀ bí ẹni pé gbogbo ẹni tó ṣe é ló fi tirẹ̀ kún un, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ń ka fọ́tò yín ẹ lè lọ se ọbẹ̀ kí ẹ tó padà. Kọ̀ǹpútà tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4 á máa mí hẹlẹhẹlẹ bó bá ń wá ojú èèyàn. Ó tún máa ń béèrè pé kí ẹ gba àwọn fáìlì tó ń fi ń dá ojú mọ̀ sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì wúwo; ẹ lọ ṣe é níbi tí Wi-Fi wà. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìdámọ̀ ojú, inú kọ̀ǹpútà yín ló ti ń ṣe é, kò sí dátà, kò sí pé ojú àwọn ọmọ ń lọ sílé onílé.

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, òun ló gba làákàyè mi jù. Ètò á fi ojú kan hàn yín, á ní ta nìyí? Ẹ fẹ́ dáhùn pé "Màmá". Màmá ta? Ẹni tí mo ń pè ní Màmá ni àwọn ọmọ mi ń pè ní Ìyá Àgbà, òun náà ni àbúrò rẹ̀ ń pè ní Sìsí mi, òun náà ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì lọ́jà Gbági. Bí mo bá kọ "Màmá", tí ọmọ mi bá jogún kọ̀ǹpútà yìí lọ́la, ìyá rẹ̀ ni yóò rò pé mo ń wí. Àfi orúkọ àbísọ. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó kí ẹ tẹ orúkọ ìyá yín lásán sórí kọ̀ǹpútà, láìsí Màmá níwájú, láìsí Alhaja, kí ẹ wo bó ṣe máa rí lára yín. Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ àǹtí mi àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ṣé kọ̀ǹpútà náà ló máa wá jí mi kí, tí yóò pè mí lórúkọ?" Bí wọ́n ṣe tú mi sílẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé orúkọ àbísọ àti orúkọ bàbá ẹni ni mo fi ń ṣe àmì. Obìnrin, orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ni mo ń lò, torí orúkọ ọkọ lè yí. Ti ọkọ á wọ inú àlàyé. Nínú ẹbí tí a ti ní Babátúndé àti Yétúndé púpọ̀, màá fi orúkọ òbí tẹ̀ lé e. Oríkì, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, àdàpè, gbogbo rẹ̀ wọ inú àlàyé, kí ẹni tó bá fi èyíkéyìí wá a lè rí i.

Àmì ohùn tún wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lójú kọ̀ǹpútà, "Adé" àti "Ade" kì í sábà jẹ́ ọ̀kan. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún un nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, àmì àti lẹ́tà ni wọ́n ń tò pọ̀, ọ̀nà tí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà yín ń gbà tò ó sì lè yàtọ̀ sí ti fóònù mi. Ojú yín á rí orúkọ kan náà, kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí i. Mo fẹ́ràn àmì ohùn, olùkọ́ ni mí, n kò sì lè kọ orúkọ bàbá mi bí ẹni kọ orúkọ àlejò. Nítorí náà, orúkọ fódà, orúkọ fáìlì àti àmì tí a fi ń wá nǹkan, lẹ́tà lásán. Inú àlàyé ni àmì ohùn ti ń jẹ́ ọba. Fódà náà, ọdún ló ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́, kó tó kan òde: 2022-03-11-Iwuye-Mapo. Bẹ́ẹ̀ ni yóò fi máa tò fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yòówù, kódà bí digiKam bá kúrò láyé.

Ìbejì ni ètò kò rí tú. Ní ìpínlẹ̀ tí Igbó-Ọrà wà, ẹ kò gbọdọ̀ ra ètò tó ń dá ojú mọ̀ láìfi ìbejì dán an wò. Táyé ló ń pè ní Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé ló ń pè ní Táyé, ó sì dá a lójú. Fọ́tò ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, màmá wọn gan-an máa wo ibi àpá orúnkún kó tó sọ̀rọ̀. Níbẹ̀, mo kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí gbogbo rẹ̀, mo sì kọjá. Ètò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà yìí ni ìyàwó tó wà lójú agbo níbí, fọ́tò skánà tó ti ṣá máa ń dà á lójú rú, dígí dúdú náà sì máa ń dí i lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kó máa fọwọ́ sí orúkọ fúnra rẹ̀. Kó dábàá, kí ẹ̀yin gbà tàbí kí ẹ kọ̀.

Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ ju ètò èyíkéyìí lọ ni àǹtí mi yẹn. Ní ọjọ́ Sátidé, bí iná bá wà, wọ́n á jókòó tì mí, màá máa ṣí fọ́tò, wọ́n á máa dárúkọ. Ó yà mí lẹ́nu pé wọn kì í kọ́kọ́ wo ojú. Aṣọ ni wọ́n ń wò. "Ankara aláwọ̀ omi aró yìí, ti ìsìnkú Bàbá Àgbà ni. A kò tún wọ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀." Ìgbà yẹn ló yé mi pé aṣọ ẹbí jẹ́ ọjọ́. Aṣọ kan, òde kan. Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ fọ́tò kan ṣoṣo nínú òde kan, gbogbo ẹni tó wọ aṣọ yẹn ti ní ọjọ́. Mo ṣẹ̀dá àmì fún aṣọ ẹbí kọ̀ọ̀kan, digiKam sì ní ibi kan tó ń wá fọ́tò tó jọra. Bí ẹ bá fún un ní ẹyọ kan tí aṣọ ẹbí kún inú rẹ̀, ó máa ń kó àwọn alábàápín rẹ̀ wá torí àwọ̀. Àwọn tó ṣe é kò ronú kan aṣọ ẹbí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ìlú náà tún ń jẹ́rìí. Bí Cocoa House tó ti parí bá dúró lẹ́yìn wọn, fọ́tò náà kò lè ṣáájú 1965. Fọ́tò tí a ya níwájú Gbọ̀ngàn Máàpó ní ọjọ́ tí wọ́n fi Ọba Lékan Balógun jẹ Olúbàdàn, ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2022 ni, ẹ kò nílò kámẹ́rà kó sọ ọ́. Èyí tí n kò bá mọ̀ ju ọdún rẹ̀ lọ, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún náà ni mo ń kọ, màá sì kọ "ọdún nìkan ló dájú" sínú àlàyé. Ẹ má fi fọ́tò skánà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yà á lórí skánà o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbá yín tó kú ní 1994 á máa jó ní 2016.

WhatsApp ni orísun rúdurùdu tó kù. Ó máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, ó sì ń yọ ohun tí kámẹ́rà kọ sínú rẹ̀ dànù. Lórí Android, ohun tó kù ni orúkọ fáìlì, irú bí IMG-20190420-WA0031, tí ó ń sọ ogúnjọ́ oṣù kẹrin 2019. Ọjọ́ tó dé orí fóònù nìyẹn, ó lè má jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yà á. ExifTool, ètò ọ̀fẹ́ tí Phil Harvey ṣe, lè ka ọjọ́ láti inú orúkọ fáìlì kó sì kọ ọ́ sínú fọ́tò, odindi fódà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní bọ́tìnnì kankan, àṣẹ ni ẹ máa tẹ̀. Ọmọ yunifásítì kan nínú ẹbí á bá yín ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò gidi ránṣẹ́ sí mi báyìí, mo máa ń ní kó fi ṣọwọ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fọ́tò. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí WhatsApp máa yọ nínú rẹ̀.

Fọ́tò kan náà tún máa ń gba inú gbogbo gúrúùpù ẹbí wá, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì dọ́gba mọ́, nítorí náà ètò tó ń wá fáìlì tó bára mu délẹ̀délẹ̀ nìkan kò ní rí i. Èyí tó ń wo bí àwòrán ṣe jọra ni ẹ máa lò. Ẹ fọwọ́ ara yín pa á. Àwòrán méjì tí ẹ rò pé ọ̀kan ni, nínú ọ̀kan Bàbá di ojú, nínú èkejì wọ́n là á.

Ní ti ìpamọ́, ẹ̀dà kan wà nílé, èkejì wà nílé ẹ̀gbọ́n mi lórí òkè, níbi tí omi kò lè dé. Mo ń gbé e pààrọ̀ bí mo bá lọ kí wọn.

Bí fọ́tò yín kò bá ju ti ìyàwó, ọkọ àti ọmọ lọ, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ mọ gbogbo ojú tó wà nínú rẹ̀, gbogbo èyí pọ̀ jù. Ẹ to fódà ní ọdún àti òde, ẹ fi XnView MP wò ó, ó tó. Fídíò ni èmi kò tíì rí ètò tó tẹ́ mi lọ́rùn fún. N kì í kọ nǹkan sínú wọn. Orúkọ fáìlì nìkan ni mo fi ń mọ̀ wọ́n, ọdún níwájú, òde tẹ̀ lé e, orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, mo sì ń pa wọ́n mọ́ inú fódà kan náà pẹ̀lú fọ́tò òde yẹn.